Bultaco Sherpa T: Alùpùpù Orí Àpáta láti Ilẹ̀ Spéìn

Nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní trial, a kì í wo ẹni tó yára jù. Ẹni tó wà lórí alùpùpù gbọ́dọ̀ gba orí àpáta, inú ẹrẹ̀ àti ojú odò kọjá láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò ka àmì kan sí i lọ́rùn. Bó bá ṣubú, àmì márùn-ún. Ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè. Ilẹ̀ Bìrìtéènì ni eré ìdárayá yìí ti gbilẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹ́ńjìnnì four-stroke ńláńlá bí Ariel àti BSA ló ń jọba níbẹ̀.

Ní Barcelona, Francesc Xavier Bultó àti Pere Permanyer ti jọ dá ilé-iṣẹ́ Montesa sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tí owó kò wọlé dáadáa mọ́, Permanyer ní kí wọ́n yọwọ́ nínú eré ìje. Bultó kò gbà, nítorí ó dá a lójú pé ibi ìje ni oníbàárà ti ń mọ alùpùpù tó dára. Ó kúrò ní 1958, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni Bultaco ti ṣẹ̀. Tralla 101, alùpùpù ojú títì, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1959.

Ní 1964, Bultó ránṣẹ́ sí Sammy Miller, ọmọ Belfast. Láti 1959 ni Miller ti ń gba ife-ẹ̀yẹ Bìrìtéènì lọ́dọọdún lórí Ariel 500cc, tí ìwọ̀n rẹ̀ ju 100 kílò lọ. Ó lọ sí Spéìn, ọjọ́ 12 péré ló sì fi bá wọn ṣiṣẹ́ lórí alùpùpù tó di Sherpa T. Alùpùpù Bultaco tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n tún férémù rẹ̀ ṣe, wọ́n yí bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ṣe wà padà, wọ́n sì tún ẹ́ńjìnnì náà tò kí ó lè máa fà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láì kú lábẹ́ ẹni tó ń gùn ún. Ẹ́ńjìnnì two-stroke 244cc ni, irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀. Kò ní fáàfù, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo alùpùpù náà fúyẹ́. Miller nìkan ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń yìn fún iṣẹ́ yìí. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n yin Bultó náà, ẹni tó gbà kí àlejò wá tún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ní 1965, Miller gun Sherpa T borí nínú Scottish Six Days Trial, ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà lórí òkè Scotland. Alùpùpù two-stroke kò borí níbẹ̀ rí. Láàárín ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tó tún ń ka Ariel kún mọ́.

Àwọn ará Spéìn yòókù kò jókòó. Montesa gbé Cota jáde ní 1968. Ilé-iṣẹ́ Ossa gba Mick Andrews síṣẹ́, Andrews sì gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù fún wọn ní 1971 àti 1972. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1975, Bultaco ni Martin Lampkin gùn tó fi gbà á. Yrjö Vesterinen, ará Finland, gbà á lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, kí Bernie Schreiber, ará Amẹ́ríkà, tó gbà á ní 1979.

Ọdún 1979 yẹn kan náà ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Bultaco pa. Lẹ́yìn ikú Franco, apàṣẹwàá ilẹ̀ Spéìn, ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ń da iṣẹ́ sílẹ̀ léraléra, gbèsè ń gorí gbèsè, alùpùpù Japan sì ti gba ọjà òkèèrè. Wọ́n ṣí i padà, ṣùgbọ́n ní 1983 iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Nínú ilé-iṣẹ́ Spéìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, Montesa tí Bultó fi sílẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró, nítorí Honda ra ìpín nínú rẹ̀.