Ẹbí kòkòrò tó ń pa igbó páìnì lókè òkun ló ń dá ihò sí pákó arère nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Káfíńtà tó bá lọ ra pákó arère ní ilé ìlagi kan ní Abẹ́òkúta mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bó bá ti ń yí pákó náà síwá sẹ́yìn, ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá ni àwọn ihò tíntìntín kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi abẹ́rẹ́ gún igi, tí etí wọn sì dúdú bí ẹni pé iná jó wọn. Bí ihò náà bá pọ̀, kò ní san iye tí oníṣòwò pè é. Oníṣòwò pàápàá kì í jiyàn púpọ̀, nítorí òun náà ti rí ihò ọ̀hún kí oníbàárà tó dé. Pákó tí wọn ìbá fi kan àga tàbí ibùsùn á wá di èyí tí àwọn bíríkìlà ń kàn yí kọnkéré ká, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ikán ló jẹ irú pákó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ikán. Ikán a máa gba inú ilẹ̀ wá, a máa fi amọ̀ bo ọ̀nà rẹ̀, a sì máa jẹ igi gbígbẹ títí yóò fi ku èèpo lásán. Èyí tó dá ihò abẹ́rẹ́ sí arère jẹ́ kòkòrò oníkaraahun líle, tó kéré débi pé púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju mìlímítà méjì sí mẹ́fà lọ. Ẹbí ńlá kan náà ni òun àti kòkòrò tó ń yé ẹyin sínú ọ̀pẹ tí ẹyin náà fi ń di ìtún, òun náà sì ni ìbátan kòkòrò tó ń ba obì jẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn olóbì. Nínú ẹbí yìí, ẹ̀yà méjì ló fi igi ṣe ilé. Ẹ̀yà kan ń gbé lábẹ́ èèpo, ó sì ń jẹ inú èèpo náà. Èkejì ń lu igi wọ inú lọ jìnnà. Ó dára kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí òun ló ti sọ igbó odidi di eérú lókè òkun.

Igi páìnì ní ohun ìjà tirẹ̀. Bí kòkòrò bá lu èèpo rẹ̀, oje tó ki á ru jáde láti inú ọgbẹ́ náà, á sì bo kòkòrò ọ̀hún mọ́lẹ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo kò lè borí igi tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ a máa tú òórùn kan jáde tó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn bá sì ti rọ́ dé, oje igi náà á tán. Wọn á yé ẹyin sábẹ́ èèpo, ìdin á pa, ìdin á sì máa jẹ lọ yí igi náà ká. Ibi tí wọ́n ń jẹ yìí gan-an ni oúnjẹ ń gbà láti orí ewé lọ sí gbòǹgbò. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, olú kan tí wọ́n gbé sára wá á máa hù nínú igi, á sì dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Ebi lókè, òùngbẹ nísàlẹ̀. Nígbà tí ewé bá fi máa pọ́n, igi náà ti kú tipẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ British Columbia lórílẹ̀-èdè Kánádà, irú kòkòrò yìí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dendroctonus ponderosae bẹ̀rẹ̀ sí i jà ní àwọn ọdún 1990. Kó tó rọlẹ̀, ó ti kan igbó tó tó mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà, ó sì ti pa nǹkan bí ìdajì igi páìnì tó ṣeé tà ní ìpínlẹ̀ náà. Gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìmẹ̀kọ títí dé etí omi, kò tó mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà. Èyí túmọ̀ sí pé igbó tí kòkòrò náà dé fẹ̀ ju Ìpínlẹ̀ Ògùn mẹ́wàá lọ. Kòkòrò ọ̀hún ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Kì í ṣe àlejò. Ohun méjì ló ṣílẹ̀kùn fún un. Òtútù tó máa ń pa ìdin rẹ̀ lọ́dọọdún kò mú tó tàtijọ́ mọ́. Èkejì ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pa iná igbó kíákíá, èyí tó mú kí páìnì tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn dàgbà dàrúgbó pọ̀ lójú kan. Nígbà tí igi tó kú ti tán lára èyí tó ṣeé là, ọ̀pọ̀ ilé ìlagi ibẹ̀ ti ìlẹ̀kùn wọn.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olótùútù nìkan nìyẹn, kó wo Honduras, níbi tí oòrùn ti ń mú bí ti ilẹ̀ wa. Láàrin ọdún 2014 sí 2016, ọ̀dá dá, igbó páìnì ibẹ̀ sì há mọ́ra wọn ju bó ti yẹ lọ. Ìbátan kòkòrò ti Kánádà sì pa páìnì tó lé ní 500,000 hẹ́kítà, èyí tó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo igbó páìnì orílẹ̀-èdè náà. Àwọn páìnì tó kú ọ̀hún, Pinus caribaea àti Pinus oocarpa, ni irú tí ìjọba yàn láti gbìn ní Nàìjíríà.

Páìnì kì í ṣe igi àbáláyé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òkè Jos, Mambilla àti Afaka lẹ́bàá Kàdúná ni wọ́n ti gbìn ín jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ dàgbà rárá, àfìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ tí olú kan wà nínú rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, nítorí olú náà ló ń bá gbòǹgbò páìnì wá oúnjẹ. Olú kan ń bọ́ ọ nísàlẹ̀, olú mìíràn ń pa á lókè. Kòkòrò Dendroctonus ní tirẹ̀ kò bá igi náà dé Nàìjíríà. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, igi gíga eléwé bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà ilé-ìwé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páìnì, kì í sábà jẹ́ páìnì. Igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Casuarina ni.

Ẹ̀yà kejì ló kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé kì í jẹ igi. Àgbẹ̀ ni. Ó máa ń gbé èso olú sínú àpò tíntìntín kan lára rẹ̀, á gbẹ́ ihò wọ inú igi tútù, á gbin olú náà sí ara ògiri ihò, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ olú ọ̀hún. Olú yìí ló ń sọ etí ihò di dúdú. Nítorí pé olú kò lè hù níbi gbígbẹ, igi tí omi ṣì wà lára rẹ̀ nìkan ni kòkòrò yìí ń wọ̀. Bí pákó bá ti gbẹ, olú á kú, ebi á sì lé kòkòrò jáde tàbí kó pa á síbẹ̀. Ihò á ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ihò náà kò ní pọ̀ sí i láéláé.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló wù ú jù. Bí igi bá ti wó lulẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí i kan bí ẹmu, òórùn bí ti ọtí á sì máa jáde lára rẹ̀. Òórùn yìí ni kòkòrò ń tọ̀ wá, kì í sì í pẹ́ tó fi ń dé. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni ìyẹ̀ igi funfun á ti máa dà sílẹ̀ lára èèpo. Arère, afárá àti àràbà, àwọn igi tó fúyẹ́ tí inú wọn funfun, ló ń jìyà rẹ̀ jù. Nínú oṣù òjò, tí ọkọ̀ agbégẹdú kò lè wọ igbó nítorí ẹrẹ̀, igi lè sùn sórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí yóò bá fi dé Abẹ́òkúta, kòkòrò ti kó oko rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí gẹdú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, àdánù náà pọ̀ débi pé wọ́n dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Gánà lónìí, fún kòkòrò tó ń lu igi nìkan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ lórí àwọn Doliopygus tó ń wọ inú afárá, àti Trachyostus ghanaensis, tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù nítorí pé arère tó dúró láàyè ló ń lù. Igi náà kì í kú, ṣùgbọ́n ihò ti wà nínú rẹ̀ kí agẹdú tó gbé ẹ̀rọ lé e. Oògùn tí wọ́n ń fín sára gẹdú láyé ìgbà náà jẹ́ ọmọ ìyá Gámálìn tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń pa ẹja inú odò, ó sì ń wà nínú ilẹ̀ pẹ́. Ní ọdún 2009 ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ka èròjà inú rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó yẹ kí ayé pa tì.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i lónìí ni pé igi ńlá kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí arère fẹ̀ bí ilé, agẹdú lè gé apá tí kòkòrò bàjẹ́ dànù kí èyí tó kù sì tó o lọ. Igi tó ń dé ilé ìlagi báyìí tẹ́ẹ́rẹ́, ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, púpọ̀ nínú ara rẹ̀ ló sì jẹ́ apá rírọ̀ tó wà nítòsí èèpo, èyí tí kòkòrò fẹ́ràn jù. Ihò kan náà tí kò já mọ́ nǹkan lára igi baba ńlá lè ba pákó mélòó kan jẹ́ lára igi ọmọ.

Ṣé kí wọ́n kúkú gbin òmíràn? Ibẹ̀ náà ni kòkòrò dúró sí. Ọ̀gànwó tí wọ́n bá gbìn pọ̀ lójú kan, ìdin Hypsipyla á wọ ọ̀mùnú orí rẹ̀, igi náà á sì pẹ̀ka wálẹ̀wálẹ̀ dípò kó gùn. Ìrókò kékeré ní tirẹ̀, kòkòrò Phytolyma lata á mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ wú kókó, kókó náà á bẹ́, orí igi á sì jẹrà. Ìrókò tí ènìyàn ń bẹ̀rù lórí ìdúró, kòkòrò tí kò tó ẹ̀ṣinṣin ló ń pa á nígbà èwe. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1954 ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí. Nítorí ìdààmú wọ̀nyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba fi tíìkì àti mẹ̀línà, tí í ṣe igi àjèjì, kún ọ̀pọ̀ igbó ọba: ní Olókèméjì lọ́nà Ìbàdàn, àti ní Omo nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ń yára dàgbà, ọ̀tá wọn kò sì tíì pọ̀. Síbẹ̀, igi kan ṣoṣo, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, tó há mọ́ra lórí ilẹ̀ gbalasa, ni àpèjúwe igbó Kánádà àti Honduras gan-an. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó bá ń gbin igi lónìí da oríṣiríṣi pọ̀.

Iná oko náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Olókèméjì, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1899, wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1929 ni wọ́n ti pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta: wọ́n ń jó apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń jó èkejì ní ìparí rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Èyí tí iná kò kàn di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kò yéé jẹ́ pápá. Igi tí iná bá gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò sì kú, èèpo rẹ̀ ti la, ara rẹ̀ ti rẹ̀, irú rẹ̀ sì ni kòkòrò ń wá kiri.

Fún ẹni tó ń la igi tàbí tó ń rà á, àkókò ni oògùn tó dára jù. Kí igi kúrò nínú igbó kí ọ̀sẹ̀ tó yí; bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n rì í sínú omi pátápátá, nítorí apá tó bá léfòó ni kòkòrò máa wọ̀. Bí wọ́n bá ti là á, kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí òmíràn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, kí wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀. Pákó tútù tí wọ́n tò lé ara wọn gbàgìgbàgì lábẹ́ ọ̀dà kò yàtọ̀ sí oko tí wọ́n ro sílẹ̀ de kòkòrò.

Kòkòrò mìíràn kan tún wà tí kò yẹ kí ènìyàn ṣì mú fún ti igi tútù. Lyctus ni wọ́n ń pè é. Pákó gbígbẹ ló ń wọ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ ló sì ń jẹ, arère sì ní sítáàṣì púpọ̀. Òun ló lè jẹ àga inú ilé di ìyẹ̀fun lẹ́yìn tí onílé ti sanwó tán. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò tán, tí àwọn káfíńtà kan máa ń fi pa pákó, kì í wọ inú igi jìnnà tó láti pa ìdin rẹ̀. Oògùn tó ní èròjà bórọ́ọ̀nù, tí wọ́n rẹ pákó sínú rẹ̀ kí ó tó gbẹ, ló ń ṣiṣẹ́ jù. Olùrà lè dá kòkòrò méjèèjì mọ̀ lójú ẹsẹ̀: kó gbá pákó mọ́ ilẹ̀ símẹ́ńtì tó mọ́. Bí ihò bá dúdú tí nǹkan kan kò sì dà sílẹ̀, kòkòrò ti kú, iye owó nìkan ni kó bá oníṣòwò dù. Bí ìyẹ̀fun kíkúnná bí èlùbọ́ bá dà sílẹ̀, kó dá pákó náà padà.