Bruce Onobrakpeya, Ayàwòrán àti Atẹ̀wòrán

Bruce Onobrakpeya, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú kíkun àwòrán àti fífi pátákó gbígbẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, jẹ́ ọmọ Urhobo tí a bí ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, ọdún 1932, ní Agbarha-Otor. Agbẹ́gilére ni baba rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá sì kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi rọ́pò.

Lẹ́yìn tí ó ti kàwé, tí ó sì ti ṣe olùkọ́ ní ìlú Ìbíní, ó wá kọ́ni ní Ondo Boys' High School, ní Oǹdó Èkìmọ̀gún, ní 1956, kí ó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria ní 1957. Níbẹ̀ ni òun, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n ní kí a lo ọgbọ́n òkèèrè láìsọ ọgbọ́n ilé nù, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ tí Onobrakpeya ń ṣe yìí: bí aró kì í ti í mú ibi tí ẹ̀kọ bá bò, bẹ́ẹ̀ ni tádàwà kì í mú ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò lára pátákó tàbí líno. A ó gbẹ́ àwòrán kí ọ̀tún rẹ̀ di òsì, a ó fi tádàwà kùn ún, a ó tẹ́ bébà lé e, a ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á mọ́ ọn. Bí àwọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní pátákó tirẹ̀.

Ní 1967, ásíìdì ba awo síǹkì kan tí Onobrakpeya fi ń tẹ àwòrán jẹ́. Kò sọ ọ́ nù, gọ́ọ̀mù líle ni ó fi tún un ṣe, ọ̀nà tuntun sì là. Ní 1968, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀* sí Gẹ̀ẹ́sì, Onobrakpeya ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Fágúnwà tí ó kọ ìwé náà, ọmọ Òkè-Igbó ni, ìlú tí kò jìnnà sí Oǹdó tí ayàwòrán náà ti mú ṣọ́ọ̀kì kọ́ni. Ní 1969 ni Onobrakpeya tẹ àwòrán 14 lórí ìrìn Jésù lọ sórí àgbélébùú.

Ó kọ́ni ní St. Gregory's College, Èkó, láti 1963 títí di 1980, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìgbà ọyẹ́ sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní 1998, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà lè máa pàdé níbẹ̀.

Ọdún kan péré ni ó lò ní Oǹdó, síbẹ̀ olùkọ́ ni ó jẹ́ níbẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn tàbí ní Oǹdó má ṣe ka iṣẹ́ rẹ̀ sí kékeré: ọ̀bẹ kan, líno díẹ̀, tádàwà àti ṣíbí tó láti fi bẹ̀rẹ̀.