Iyọ̀, ooru àti ìkún omi: kí ló dé tí ẹja ń dín kù nínú ọ̀sà wa?

Bí a bá dé ọjà ẹja ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), gbólóhùn kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ẹlẹ́ja: «Ẹja ò sí mọ́.» Àwọn kan ní àwọ̀n ló pọ̀ jù, àwọn kan ní òkun ló gbé e lọ, àwọn mìíràn ní ayé ló bàjẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Àmọ́ ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: omi ọ̀sà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, ẹja sì ń tẹ̀ lé e. Bí kàlẹ́ńdà omi bá dàrú, ẹja náà á dàrú.

Ibi tí omi wa ti ń wá

Adágún Nokoué, níbi tí Ganvié wà, fẹ̀ tó nǹkan bí 150 km². Ọ̀nà omi Totchè ló so ó pọ̀ mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti òkè, odò Ouémé, tó gùn tó nǹkan bí 510 km, àti odò Sô ń gbé omi dídùn wá. Láti ìsàlẹ̀, omi òkun ń gba ọ̀nà omi Kútọnu wọlé. Àwọn Faransé ló la ọ̀nà yìí ní 1885. Nígbà náà, yanrìn òkun máa ń dí ẹnu rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu ní àwọn ọdún 1960, ẹnu náà kì í sábà dí mọ́, iyọ̀ sì ń wọlé ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Sábẹ̀ àti Kétu, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Odò Okpara tí ẹ mọ̀ yẹn, inú Ouémé ló ń ṣàn sí, Ouémé fúnra rẹ̀ sì ń kọjá nítòsí ilẹ̀ Kétu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀.

Kàlẹ́ńdà omi

Àwọn àgbà máa ń sọ pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Nínú ọ̀sà, omi máa ń bojú wẹ̀yìn o! Òjò tó rọ̀ ní àríwá ilẹ̀ Benin ló ń kún Ouémé, ìkún náà sì máa ń ga jù lọ nísàlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Lásìkò yẹn, omi dídùn máa ń ti iyọ̀ jáde, débi pé omi adágún fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ kankan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, omi òkun á sì padà wọlé díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Iyọ̀ tó wà nínú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35. Bí a bá sún mọ́ Kútọnu lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi adágún náà lè fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà yìí:

- Àrọ̀. Ìkún omi ló ń dúró dè. Bí omi bá bo pápá àti koríko, ibẹ̀ ló ń yé sí. Ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń yè nínú kòtò ẹja tí àwọn ará àfonífojì Ouémé ń gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní whédo. Bí ìkún ò bá dé, kòtò ò ní ní ẹja.
- Ọ̀bọ̀kún. Omi dídùn ló fẹ́ láti yé. Bí iyọ̀ bá pẹ́ jù nínú ọ̀sà, àyè tó máa yé sí á dín kù.
- Ẹpìyà ọ̀sà. Akíkanjú ni. Ó ń gbé inú omi dídùn, ó ń gbé inú omi iyọ̀. Akọ rẹ̀ ló máa ń fi ẹnu gbé ẹyin títí wọn á fi pa.
- Edé pupa. Inú òkun ló ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ máa ń bá omi iyọ̀ wọ ọ̀sà wá dàgbà, lẹ́yìn náà á padà sí òkun. Agbọ̀dọ̀ náà máa ń rìn láàárín òkun àti ọ̀sà.

Ẹ rí i pé iyọ̀ kì í ṣe ọ̀tá, omi dídùn náà kì í ṣe ọ̀tá. Bí wọ́n ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lásìkò ló jẹ́ kí ọ̀sà wa ní oríṣiríṣi ẹja.

Ohun tó ń yí padà

*Òjò.* Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ọ̀dá mú gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 2010, ìkún omi ńlá gbé ilé àti oko lọ ní Benin. Ìkún tó pẹ́ dé tàbí tó tètè fà kì í fún ọmọ àrọ̀ láyè láti dàgbà nínú pápá. Ẹ wo odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gàl: ọ̀dá sọ òkè odò náà di omi tó níyọ̀ ju òkun lọ. Irú ẹpìyà wa yìí náà wà níbẹ̀, kò kú, àmọ́ kò dàgbà dáadáa mọ́, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nígbà tó ṣì kéré. Nítorí náà, ẹja lè wà, kó má sì kún ọwọ́.

*Ooru.* Ẹja ń mí afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi, èyí tí a ń pè ní oxygène nílé ìwé. Bí omi ṣe ń gbóná tó ni afẹ́fẹ́ yẹn ń dín kù tó: lítà omi dídùn kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ní ìwọ̀n ooru 20, àmọ́ ní ìwọ̀n 30 kò ju 7,5 lọ. Ooru sì tún ń mú kí ẹja nílò èémí púpọ̀ sí i.

*Òkun.* Omi òkun ayé ti ga sókè ní nǹkan bí 20 cm láàárín 1901 sí 2018. Bí òkun ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń rí ọ̀nà wọlé sí i.

Ọwọ́ tiwa ńkọ́?

A ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Ẹ wo koríko omi tí a ń pè ní jacinthe d'eau. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, ìdọ̀tí tí a ń dà sómi ló sì ń jẹ sanra. Ó máa ń bo omi nígbà ìkún. Bí iyọ̀ bá dé, á kú, á rà, á sì gba èémí ẹja.

Àkájà náà ń kọ́? Ẹ̀ka igi tí a rì mọ́lẹ̀ máa ń hu oúnjẹ ẹja, ẹpìyà sì ń bí sí i níbẹ̀. Ohun rere ni, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, igi á rà, ẹrẹ̀ á kún adágún, igbó etí omi á sì tán. Igi ẹ̀gbà, tí àwọn Faransé ń pè ní palétuvier, sì rèé, abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí.

Epo kpayo tó ń dà sómi, oògùn òwú tí òjò ń wọ́ láti oko òkè wá, àti àwọ̀n ẹ̀fọn tí àwọn kan fi ń kó ọmọ ẹja, gbogbo wọn ń gbá ẹja tí iyọ̀ àti ooru ti rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe

1. Bí ẹ bá rí i tí ẹja ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀ kùtù, èémí ló ń wá: ewéko inú omi ti lo oxygène náà mọ́jú. Ẹ kó koríko tó ń rà kúrò. Ó ṣeé fi ṣe ajílẹ̀.
2. Bí ẹja bá kú lọ rẹpẹtẹ lójijì, ẹ má ṣe kó o jẹ, ẹ má sì tà á. Ó lè jẹ́ oògùn oko. Ẹ sọ fún olórí abúlé àti àwọn tó ń bójú tó ẹja pípa.
3. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Sábẹ̀ àti Kétu, ẹ fi igi sílẹ̀ létí odò, ẹ má sì fọ agolo oògùn nínú omi.
4. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ ẹja sílẹ̀ nígbà ìkún, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n ń dàgbà.

Òfin omi kì í ṣe ohun tuntun fún wa. Ní adágún Ahémé, láyé àtijọ́, àwọn olórí òrìṣà omi ló ń sọ irú àwọ̀n tó jẹ́ èèwọ̀ àti ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dẹ. Láti ọdún 2000, ìsàlẹ̀ Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Nokoué ti wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar, tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi káàkiri ayé. Àmọ́ ìwé nìkan kò lè ṣọ́ omi. Àwa tí à ń jẹ ẹja rẹ̀ la máa ṣọ́ ọ. A ò lè pàṣẹ fún òjò, a ò sì lè ti òkun sẹ́yìn, ṣùgbọ́n a lè pinnu láti má ṣe kó ọmọ ẹja tó kù nígbà tí omi ń fún un láyè láti dàgbà.