Ọta Tí Wọ́n Ń Rà àti Èyí Tí Wọ́n Ń Fọwọ́ Kì

Ẹni tí òyà ti jẹ oko rẹ̀ rí mọ̀ pé owó ọta wà lára owó oko. Ìtàn àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà la mú wá lónìí, torí ó pẹ́ tí àwọn náà ti ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí: ṣé kí wọ́n ra ọta kékeré lọ́jà ni, àbí kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn kì í?

Ọta kékeré yẹn ni .22. Smith & Wesson gbé e jáde ní 1857; èyí tó gbòde jù, .22 Long Rifle, dé ní 1887. Èròjà tó ń ṣáná kò sí láàárín ìdí rẹ̀, inú etí ìdí náà yí ká ló wà. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá ti lu etí yẹn, ó tẹ̀ wọnú, kò ṣeé tún kì mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó di pàǹtí. Àmọ́ ó kéré, ilé iṣẹ́ sì ń ṣe é rẹpẹtẹ, ìdí nìyẹn tó fi pọ́kú.

Irú kejì, bíi .22 Hornet tó jáde ní nǹkan bí 1930, àárín ìdí ni tirẹ̀ ti ń ṣáná. Wọ́n lè yọ èròjà tó ti jó, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n da ẹ̀tù sí i, kí wọ́n fi ọta dé e. Kòròfo idẹ ló ń gbé owó jù lára rẹ̀, wọ́n sì lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣi ìṣirò yìí ṣe o. Wọ́n á fi ọta tí wọ́n fọwọ́ kì wé .22, bí ẹni ń fi owó ọkọ́ wé owó katakata. .22 kò dára fún ẹranko tó jìnnà ju nǹkan bí 100 yáàdì lọ. Èkejì ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ọta ńlá tí ilé iṣẹ́ kì ló yẹ ká fi wé èyí tí a fọwọ́ kì, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti ń jàre, bí a bá ti yìn ín tó láti san owó ẹ̀rọ. Wákàtí téèyàn fi jókòó kì í ńkọ́? A kì í sábà kà á mọ́ ọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọta wọ́n gan-an. Fred Huntington, ní Oroville ní California, wá ṣe ẹ̀rọ kan ní 1943 tó ń sọ kòròfo .22 tí wọ́n ti yìn di èèpo ọta tuntun, pẹ̀lú òjé nínú. Pàǹtí di ọjà! Rock Chuck Bullet Swage ló pè é, ibẹ̀ ni orúkọ RCBS ti wá. Rock chuck ni ẹranko kan níbẹ̀ tó ń gbẹ́ ihò, tó sì ń jẹ ewé oko.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọdẹ onígbó kò ní kòròfo tí wọ́n ń ṣà: ẹnu ṣakabùlà ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta. (Ìwé àṣẹ ìbọn yín dà o? Òfin ń bẹ.)

Ní 2013, .22 tó pọ́kú yìí di àwátì ní Amẹ́ríkà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń ka iye páálí tí oníbàárà lè rà. Àwọn tó ti kó kòròfo, ẹ̀tù àti èròjà pamọ́ ń bá iṣẹ́ wọn lọ; àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọ ọjà bá a pé ẹ̀tù náà ti ṣọ̀wọ́n.