Niamey: Báwo ni rédà tó ń wá òkè yìnyín lójú òkun ṣe ń rí omíyalé?

Lóṣù Kẹrin ọdún 1912, ọkọ̀ Titanic forí sọ òkè yìnyín lójú òkun Atlantic, èèyàn tó lé ní 1,500 sì kú. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ yìnyín: ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ń ṣe é, bàálù tẹ̀lé e, kó tó kan sátẹ́láìtì.

Rédà inú sátẹ́láìtì Sentinel-1, tí Yúróòpù kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lọ́dún 2014, kò nílò ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìgbì tó ń rán jáde ń la ìkùukùu kọjá tọ̀sán tòru. Nínú àwòrán rẹ̀, omi tó tẹ́jú máa ń dúdú, òkè yìnyín sì máa ń tàn.

Kò sí òkè yìnyín ní Niamey. Dúdú yẹn ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Lọ́dún 2020, odò Niger, tí Yorùbá ń pè ní odò Ọya, ya wọ àdúgbò Kirkissoye àti Lamordé. Irú àsìkò òjò bẹ́ẹ̀ ni ìkùukùu máa ń dí kámẹ́rà sátẹ́láìtì lójú.

Ọ̀dá ló mú kí wọ́n dá ibùdó AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey lọ́dún 1974. Lónìí, ó ń ṣọ́ omíyalé pẹ̀lú.

Àmọ́ sátẹ́láìtì yìí kì í kọjá lójoojúmọ́. Àwòrán lè fi ibi tí omi dé hàn. Ìkìlọ̀ tó tètè dé ló ń gba ẹ̀mí là.