Láti Ojú Kọ́ńtáàtì Dé Inú Módù: Ìtàn Ìmọ̀ Àtúnṣe Iná Ọkọ̀ ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

0.0 Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tí ìjọba là, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ọkọ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Ẹni tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ. Bí ó bá sì jẹ yọ, ẹ̀sùn ni a máa ń kà sí i lẹ́sẹ̀, pé àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kò mọ iṣẹ́ mọ́, pé pípààrọ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ àtúnṣe. Ète wa nínú bébà yìí ni láti yẹ ẹ̀sùn náà wò nípasẹ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ kan ṣoṣo, èyíinì ni ẹ̀yà tí ń pàṣẹ fún púlọ́ọ̀gì pé kí ó tanná. Èrò wa ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ oníṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ni wọ́n gbé e pamọ́ sínú àpótí tí a dì pa. Ètò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 ni ó sì sọ àpótí náà di ẹrù oníṣẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ àti ní ibi gbogbo tí ó jọ ọ́.

1.0 Agbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ilẹ̀ Àwórì ni Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìlú Èkó ti ń fẹ̀ dé ibẹ̀. Ìjọba kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní apá Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà: Gowon Estate, Shagari Estate, àti Abẹ́sàn tí a kọ́ ní ìgbà ìṣèjọba Lateef Jakande (1979 sí 1983). Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ibi tí agbègbè náà wà. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Ìgàndò. Ọjà Aláàbà, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wà ní Ọ̀jọ́ kan náà. Ní ìhà kejì, ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Láàrin ọjà méjèèjì yìí ni oníṣẹ́ Alímọ̀ṣọ́ wà. Ìwúlò èyí yóò hàn níwájú.

2.0 Ìgbà kọ́ńtáàtì

Ọdún 1975 kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Údójì fi kún ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1974 sí 1975 sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti ra ọkọ̀. Ìjàpá, Igala àti Peugeot 504 ni ó kún ojú títì. Ọ̀nà kan náà ni iná fi ń dé púlọ́ọ̀gì gbogbo wọn, ọ̀nà tí Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ṣe fún ọkọ̀ Cadillac.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin kékeré méjì ń fẹnu ko ara wọn nínú disitíríbútọ̀. Àwọn ni à ń pè ní kọ́ńtáàtì. Bí wọ́n bá pàdé, iná bátìrì ń gba inú kọ́ìlì kọjá. Bí wọ́n bá pínyà, iná náà já lójijì, kọ́ìlì a sì sọ agbára bátìrì tí kò ju fóòtì 12 lọ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, tí yóò fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 6,000 ni kọ́ńtáàtì ń ṣí láàrin ìṣẹ́jú náà. Nítorí náà, kò sí bí kò ṣe ní jó, tí kò sì ní jẹ.

Àìpé yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́. Bí ọkọ̀ bá ń kọ́ṣẹ̀ẹ́, ọ̀gá a ṣí ìdérí disitíríbútọ̀, a sì fi ojú tí ó jó han ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ a fi sánpépà nù ún, a fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo rẹ̀ kí ó má ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, a sì tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó bàjẹ́ ṣeé fojú rí. Àtúnṣe rẹ̀ ṣeé fọwọ́ ṣe. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

3.0 Ìgbà módù

Kì í ṣe nítorí Áfíríkà ni a ṣe pa kọ́ńtáàtì tì. Ní ọdún 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó le lórí èéfín ọkọ̀. Kọ́ńtáàtì tí ó ti jẹ kì í jẹ́ kí epo jó tán, èéfín rẹ̀ a sì pọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1973, Chrysler ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní Jámánì, Bosch ṣe irú tirẹ̀, Volkswagen sì ń lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nínú irú èyí, ẹ̀yà kan tí kò fara kan ohunkóhun ń mọ ìgbà tí disitíríbútọ̀ yí dé ibi tí ó yẹ. Tiransísítọ̀ tí ó wà nínú àpótí pẹlẹbẹ kan ni ó sì ń já iná kọ́ìlì. Àpótí yìí ni módù. A da ohun kan bí oje igi bo inú rẹ̀, a sì dì í pa.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ara irin ni ó yẹ kí a so ó mọ́, kí a sì fi ọ̀rá funfun kan sí abẹ́ rẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Módù tí ó ń kú lọ a máa ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀, a dákẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, a sì tún jí nígbà tí ó bá tutù. Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ olóoru nìkan. Ní ọdún 2000, adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ California dá Ford lẹ́bi nítorí módù tí ó so mọ́ ara disitíríbútọ̀, níbi tí ooru ti ń pa á lójú ọ̀nà.

Báwo ni ó ṣe dé Alímọ̀ṣọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP, ìjọba ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó, dọ́là kan sì di ohun tí ó lé ní náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olówó oṣù. Tòkúnbọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀, láti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti ibòmíràn, gba èbúté Èkó àti Kùtọnu wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ní módù tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lókè òkun. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: nígbà tí módù fi máa dé iwájú ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa, ó ti gbó, kò sì sí ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó bá a wá. Kọ́ńtáàtì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlera kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ní àìsàn. Ní ti módù, òkú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

4.0 Ọ̀nà mẹ́ta tí ó ṣí sílẹ̀

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pípààrọ̀. Oníṣẹ́ a yọ módù tí ó fura sí, a fi òmíràn tí ó dára sí i, a sì wò ó bóyá ọkọ̀ yóò jí. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín èyí, ṣùgbọ́n ìdánwò tòótọ́ ni, nítorí àpótí tí kò ṣeé ṣí, ìṣesí rẹ̀ nìkan ni a fi lè mọ̀ ọ́n. Riwáyà tí ó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ fi gílóòbù kékeré wádìí bóyá iná ń dé ibẹ̀ àti bóyá disitíríbútọ̀ ń ránṣẹ́, kí ó má baà fi owó oníbàárà ra ohun tí kò bàjẹ́ ní Ládípọ̀.

Ọ̀nà kejì ni pípadà sẹ́yìn: kí a yọ disitíríbútọ̀ módù, kí a sì fi oníkọ́ńtáàtì láti ara ẹ́ńjìnnì àgbà inú ìdílé kan náà rọ́pò rẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti bá ara mu. Ọkọ̀ a ṣiṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ a sì tún rí ohun tí yóò fojú rí. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú oṣooṣù ti padà dé.

Ọ̀nà kẹta ni ṣíṣí. A gé ìdérí módù, a ha oje inú rẹ̀ kúrò, a jó tiransísítọ̀ tí ó kú kúrò, a sì fi òmíràn sí i, irú bí BU941 tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí. Aláàbà ni ọjà irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ náà sì sún mọ́ ti atúnrédíòṣe ju ti mẹkáníìkì lọ. Kì í ṣe gbogbo módù ni ó gba èyí: àwọn kan wà tí a tẹ ẹ̀yà wọn mọ́ ara àwo tanganran, tí irin ìjórin kò lè wọ̀. Bí a bá sì gbàgbé ọ̀rá funfun, èyí tí a tún ṣe yóò tún jó.

5.0 Ohun tí ó yí padà

Àwọn kan lè sọ pé módù sàn ju kọ́ńtáàtì lọ: kì í jẹ, kò béèrè àlàfo wíwọ̀n, iná rẹ̀ sì lágbára. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òpìtàn ni pé ta ni ó ní àǹfààní láti mọ̀ ọ́n. David Edgerton, nínú ìwé rẹ̀ *The Shock of the Old* (2006), ti tẹnu mọ́ ọn pé lílò àti àtúnṣe ni ó yẹ kí a fi ka ìtàn ẹ̀rọ, kì í ṣe ìgbà tí a dá a sílẹ̀ nìkan. Bí a bá fi ojú yìí wo Alímọ̀ṣọ́, ohun mẹ́ta ni a ó rí. Àkọ́kọ́, àṣẹ lórí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sún mọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Èkejì, iṣẹ́ tí ẹnì kan ń dá ṣe pín sí ọwọ́ mẹkáníìkì, riwáyà àti atúnrédíòṣe. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wúwo jù, ni pé ọmọ iṣẹ́ lè gba òmìnira láìrí inú ohun tí ó ń pààrọ̀ rí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ọ̀rọ̀ módù, ọmọdé àti àgbà ni ọwọ́ wọn kò wọ kèrègbè náà.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀sùn àìmọ̀ṣẹ́ tí a fi ń kan mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kò dúró lórí ẹsẹ̀. Òfin èéfín ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ ní Jámánì, àti owó náírà tí ó wálẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó para pọ̀ ti ìlẹ̀kùn ìmọ̀ náà. Ẹni tí ó gé módù tí ó sì jó tiransísítọ̀ tuntun mọ́ ọn gbìyànjú láti tún un ṣí. Àwọn ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn náà, tí kọ̀ǹpútà ń darí iná àti epo wọn pọ̀, tún ti ìlẹ̀kùn kejì.

Iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí. Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ní ìgbà kọ́ńtáàtì ti ń darúgbó, a kò sì tí ì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí a ti gba ti àwọn ọlọ́jà àti ti àwọn olóṣèlú. Ó yẹ kí a ka módù tí a ti gé, tí a sì ti tún dì, sí àkọsílẹ̀ ìtàn, kí a sì lọ bi àwọn tí ó gé e léèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.