Ẹ̀lú, Làálì àti Ewú: Ìtàn Pípa Irun Láró Láàárín Yorùbá

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí lemọ́lemọ́: ǹjẹ́ àwọn babańlá wa a máa pa irun wọn láró? Àwọn kan gbà pé àṣà tí a kọ́ lọ́wọ́ òyìnbó ni. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ó ń po ewé sórí nínú ilé wọn lóde òní, ń sọ ọ́ káàkiri pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń fi ewé sọ ewú di dúdú. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó tọ̀nà tán nínú méjèèjì. Yorùbá fi ewé kun orí, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo rí kò fi hàn pé nítorí àtibo ọjọ́ orí mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ń kun orí láti fi kéde ipò tí ènìyàn wà àti ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Kí a tó dé ìdí aró, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ipò tí ewú wà láàárín wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi." Ẹ wò ó bí òwe náà ṣe pín irun sí ọ̀nà mẹ́ta, tí ó sì fi ewú ṣíwájú. Irun orí ètè ni ó gba èébú. Ewú ni ó gba ọlá. Bí a bá ń súre fún ọmọdé, a ó ní yóò gbó, yóò tọ́, yóò sì hu ewú. Ní àwùjọ tí ewú ti jẹ́ ire tí à ń tọrọ, kí ni ènìyàn yóò máa fi í pamọ́ sí? Èyí kò ní kí a rò pé kò sí oge láyé àtijọ́. Inábùjé, tí í ṣe oje èso bùjé tí ó máa ń dúdú lára, ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya àwòrán sí ara. Kì í pẹ́ parẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé oge inábùjé kì í ju ìsán lọ. Ṣùgbọ́n awọ ara ni inábùjé wà fún. Ti irun yàtọ̀.

Ewé tí ọ̀rọ̀ irun kàn jù lọ ni ẹ̀lú. Èyí ni ewéko tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ sọ ní Lonchocarpus cyanescens, tí wọ́n ń pè ní Philenoptera cyanescens báyìí. Àwọn obìnrin aláró a gún ewé rẹ̀ tútù nínú odó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a gbẹ. Omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan, títí aró yóò fi dé ojú ìwọ̀n. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé aṣọ kì í jáde ní dúdú láti inú ìkòkò. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó ń yí padà lójú ẹni. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí wọ́n ń ké pè sí i. Ó ti wà kí àdìrẹ Abẹ́òkúta àti ti Òṣogbo tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ẹ̀rí tí ó fi hàn gbangba pé ẹ̀lú dé orí ènìyàn wá láti ààfin Ọ̀yọ́. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí Obadiah Johnson àbúrò rẹ̀ sì rí i pé a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe àwọn ilàrí. Ìránṣẹ́ Aláàfin ni wọ́n. Orúkọ wọn pàápàá wá láti ara bí wọ́n ṣe ń la orí wọn sí méjì. Bí a bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ ilàrí, a ó fá orí rẹ̀, a ó sín gbẹ́rẹ́ sí àtàrí rẹ̀, a ó sì fi oògùn rá a. Láti ìgbà náà lọ, ìdajì orí ni yóò máa fá ní ọrọọrún, apá kan lónìí, apá kejì nígbà mìíràn. Ojú ibi róbótó tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí nìkan ni abẹ kì í kàn. Irun ibẹ̀ a máa gùn bí ó bá ti lè gùn tó, wọn a máa dì í, nígbà mìíràn wọn a sì fi ẹ̀lú pa á láró kí ó lè dúdú.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Irun tí wọ́n ń pa láró yìí kì í ṣe irun tí ènìyàn ń fi pamọ́. Ojúkò orí ni ó wà, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Ẹni tí ó bá pàdé ilàrí lọ́nà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Orí rẹ̀ ti sọ ọ́. Aró tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àmì ọba.

Ẹ̀rí kejì wà lára ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un, ìyá a sì máa tọ́jú ère náà bí ọmọ. Yóò wẹ̀ ẹ́, yóò fún un lóúnjẹ, yóò fi osùn pa á lára, yóò sì fi ẹ̀lú kun irun tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ sí i lórí. Ẹ lọ wo ère ìbejì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èyíkéyìí tí ẹ bá lè dé, ẹ ó rí pupa osùn tí ó ti wọ inú igi ní ara, ẹ ó sì rí búlúù ní àárín àwọn ìlà irun. Ojú ọmọ náà lè ti fọ́ nítorí fífọ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ àwọ̀ orí rẹ̀ ṣì wà. Ọmọ tí ó ti lọ ni wọ́n ń kùn báyìí, kò sì sí ewú kankan lórí rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá ni aró yẹn ń kéde.

Ẹ̀rí kẹta ti kọjá òkun. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun tú ilẹ̀ wa ká, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Bahia ní Brazil. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó òrìṣà níbẹ̀, wọn a fá orí rẹ̀, wọn a sì kùn ún pẹ̀lú oríṣiríṣi àwọ̀. Ẹfun ni funfun, osùn ni pupa, wájì sì ni búlúù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wájì; àwọ̀ tí a rí láti ara ẹ̀lú ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa nílé kò mọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, nígbà tí ọmọ Havana tí kò gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Níhìn-ín pẹ̀lú, ẹni tí a kun orí rẹ̀ ti di ti òrìṣà rẹ̀, bí ilàrí ṣe jẹ́ ti ọba.

Làálì ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ti tú àṣírí ọ̀nà tí ó gbà wọlé: lalle ni Hausa ń pè é, ọ̀dọ̀ wọn ni a sì ti yá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Orí àtẹ́lẹwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó ni a ti mọ̀ ọ́n jù lọ láàárín wa, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n mọ irun àti irùngbọ̀n. Hàdíìsì kan sọ pé nígbà tí wọ́n gba Mẹ́kà ní 630, wọ́n mú Abu Quhafa, bàbá Abu Bakr, wá, orí rẹ̀ funfun bálau. Ànábì ní kí wọ́n yí àwọ̀ irun náà padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Irùngbọ̀n tí a fi làálì kùn a máa pọ́n. Kò sí ẹni tí yóò rí i tí yóò rò pé ọ̀dọ́ ni ẹni náà. Àmì ẹ̀sìn ni, kì í ṣe ìbòjú.

Ìyípadà dé nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ rọ́pò ewé. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Búlúù ìfọṣọ ti Reckitt láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dé ọjà wa. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kun orí ère ìbejì dípò ẹ̀lú, bí àwọn ará Cuba náà ṣe ń fi búlúù ìfọṣọ ṣe wájì. Ní 1907, Eugène Schueller ní Faransé ṣe aró irun tí a fi kẹ́míkà pò. Òun ni ó dá ilé iṣẹ́ tí ó di L'Oréal sílẹ̀ ní 1909. Láti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni aró dúdú tí àwọn ènìyàn ń pè ní yombo ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ fi yí padà: aró tí ó ti ń kéde di aró tí ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, àwọn ènìyàn tún ń padà sí ewé, inú mi sì dùn sí i. Èmi alára ti hu ewú, mo sì ń fi làálì sí i nílé. Mo máa ń fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ po ìyẹ̀fun làálì, kí ó ki ju ẹ̀kọ mímu lọ, n ó sì bò ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, n ó fi sí irun tí mo ti fọ̀, n ó fi ọ̀rá wé e fún wákàtí mẹ́ta, n ó sì ṣàn án. Lórí irun dúdú, inú oòrùn nìkan ni pupa rẹ̀ ti ń hàn. Lórí ewú, ó máa ń pọ́n fòò. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúdú, ìyẹ̀fun ewé ẹ̀lú tí a gbẹ, tí a fi omi nìkan pò lójú ẹsẹ̀, ni yóò fi lé e fún nǹkan bíi wákàtí kan. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà, Indigofera, kì í ṣe ẹ̀lú tiwa gan-an, ṣùgbọ́n aró kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkìlọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn. Ẹ má ṣe bu aró láti inú ìkòkò aláró sórí: omi eérú inú rẹ̀ máa ń jẹ awọ, ọ̀pọ̀ aláró ayé òde òní sì ń lo kọ́ọ́sítíìkì sódà. Ẹ má fi làálì sí ara ọmọ ọwọ́, nítorí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó G6PD, tí ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Pabanbarì rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú. Làálì tòótọ́ kì í dúdú bí èédú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, PPD, kẹ́míkà aró irun, ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tí ó lò ó fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ẹ kọ́kọ́ dán ohunkóhun wò ní ẹ̀yìn etí fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí ó ká mi lára ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti sọnù, òtítọ́ a máa bá a lọ. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀lú tí í ṣe ewé, aró tí í ṣe omi inú ìkòkò, wájì tí í ṣe àwọ̀ gbígbẹ, àti làálì tí a yá lọ́wọ́ Hausa, kò ní mọ̀ bí wọ́n bá ta kẹ́míkà fún un ní orúkọ ewé. Kò sì ní mọ̀ pé orí tí a kùn láyé àtijọ́ ní ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí ó bá wù kí ó pa irun rẹ̀ láró, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí ó ṣá mọ̀ pé àwọn tí ó ṣáájú wa kò ka ewú sí àbùkù, aró tí wọ́n fi sórí kò sì pa ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tí ó re aró rí, ẹ lọ béèrè orúkọ àwọn ewé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa hu ewú. Ire o!